Àbàtà Kì í Ṣe Ilẹ̀ Lásán: Ọjọ́ Kan Láàárín Àwọn Ẹyẹ Etí Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ọ̀pọ̀ nínú wa náà ni ó rò pé àbàtà kò bá ilé àti ọmọ wa tan rárá. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹ̀fọn, òórùn, ẹrẹ̀ tí ń ba aṣọ jẹ́, àti ilẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n tètè fi yanrìn dí kí wọ́n sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Lóṣù yìí, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, mo fẹ́ mú yín rìn fún ọjọ́ kan ṣoṣo ní etí òkun kan tí ó jìnnà sí wa. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ilé ìdáná ńlá ni àbàtà, pé àwọn àlejò tí ń jẹun níbẹ̀ ní ìbátan tí ń wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa, àti pé àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó ti tábìlì nínú ilé ara wọn ni ó jà fún ẹ̀mí wọn.

Etí òkun tí mo ń wí wà ní àríwá ẹkùn Norfolk, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ìyàwó ọmọ ní ilẹ̀ náà kò pọ̀ mọ́ láàárín wa lónìí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín máa ka ojú ìwé yìí nínú yàrá kan ní Peckham tàbí ní Manchester. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ bí ìgbà ìwọ́wé ti máa ń rí láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà títí di Nòfẹ́ńbà: ewé igi á pọ́n, á sì wọ́ dànù, oòrùn á máa tètè wọ̀, ilé á wá di ẹ̀wọ̀n fún ìyá àti ọmọ. Nígbà tí àwọn ilé ìwé bá gba ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan ní ìparí oṣù Òkítóbà, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí òun yóò fi dá àwọn ọmọ lára yá láìná owó púpọ̀. Ìdáhùn kan nìyí: ẹ mú wọn lọ wo ẹyẹ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n bí a bá dé ìdí rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ níláti mọ̀ ni ìgbà tí òkun yóò kún. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òkun máa ń kún wọ ilẹ̀, tí ó sì máa ń fà padà. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di odidi, òkun máa ń kún ju ti ìgbà yòókù lọ. Irú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó dára jù lọ fún ohun tí a fẹ́ lọ wò ní Snettisham, níbi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Wash. RSPB, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń tọ́jú ibẹ̀, wọ́n sì máa ń kéde ọjọ́ àti wákàtí tí omi yóò ga tó. Níwọ̀n bí wákàtí náà ti sábà máa ń bọ́ sí òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó sàn kí ẹ sùn sí King's Lynn tàbí Hunstanton ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ìrìn ẹsẹ̀ tí ó lé ní máìlì kan wà láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí dé etí omi. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ọ̀já ni kí ẹ fi pọn ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yìn ìyá móoru ju kẹ̀kẹ́ lọ, ọmọ á sì lè yọjú láti èjìká wo ohun tí ìyá rẹ̀ ń wò.

Ní ti aṣọ, ẹ rántí pé aṣọ fúyẹ́fúyẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra wọn dára ju ẹ̀wù nínípọn kan ṣoṣo lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín wọn ni ó ń pa ooru ara mọ́. Kí èyí tí ó kan ara jẹ́ irú èyí tí kì í gba òógùn dúró. Kí ti àárín jẹ́ súwẹ́tà onírun àgùntàn. Kí ti òkè jẹ́ ẹ̀wù òjò tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Kí olúkúlùkù ní fìlà tí ó bo etí, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ méjì àti bàtà rọ́bà gígùn. Ẹ yan àwọn àwọ̀ tí kò tàn yanran, kí ẹyẹ má ba à tètè fura.

Oúnjẹ tí kò nílò iná ni ó yẹ irú ìrìn yìí: ẹyin tí a sè le, búrẹ́dì tí a fi ẹja sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ṣinṣín, ẹ̀pà yíyan, àti filáàsì kòkó gbígbóná. Ọ̀rá inú ẹ̀pà máa ń fún ara ní agbára tí ó ń pẹ́. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ọgbọ́n kan náà ni àwọn ẹyẹ ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odidi ẹ̀pà, kí ó má ba à há a lọ́fun. Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná ni kí ẹ fi pa búrẹ́dì tirẹ̀. Awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹyọ kan tó fún ìdílé kan. Ẹ lè yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Nígbà Tí Òkun Bá Kún

Bí ẹ bá dé etí omi nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni ẹrẹ̀ títẹ́jú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí ó ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọmọ á sọ pé òun kò rí ẹyẹ kankan. Ẹ ní kí ó fara balẹ̀. Láìpẹ́, ojú á mọ ohun tí ó ń wò. Ohun tí ó dà bí òkúta wẹ́wẹ́ lókèèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹyẹ ni gbogbo wọn. Bí omi ti ń sún mọ́lé ni àwọn náà ń sún sẹ́yìn, tí wọ́n ń fún ara wọn pọ̀, títí ilẹ̀ tí ó kù fún wọn yóò fi kéré bí àgbàlá.

Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ẹyẹ aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n ń pè ní knot, tí kò tóbi ju àdàbà lọ. Ìhà àríwá ayé pátápátá, ní Greenland àti ní àríwá Kánádà, ni àwọn tí ń lo ìgbà òtútù ní The Wash ti máa ń pamọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àwọn ọdún kan, iye wọn ní Snettisham máa ń lé ní 100,000. Nígbà tí omi bá gba ẹrẹ̀ tí ó kẹ́yìn mọ́ wọn lọ́wọ́, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn á ṣú bo ojú ọ̀run bí èéfín, wọn á yí padà, wọn á di funfun, wọn á tún yí, wọn á di dúdú, ìró apá wọn á sì máa dún bí òjò ńlá tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Òwe tí àwọn baba wa ń pa, pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ẹ kò tíì mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí ẹ ó fi rí èyí. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Àwọn ọmọ á béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣù pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ dá wọn lóhùn pé àṣá ń ṣọ́ wọn. Àṣá tí ó bá fẹ́ gbé ẹyẹ kan níláti dójú sọ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye tí ń yí bírí pọ̀, ojú rẹ̀ á ṣì ṣe. Lẹ́yìn èyí, wọn á fò kọjá lórí yín lọ sí àwọn kòtò omi tí ó wà lẹ́yìn etí òkun, níbi tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ nígbà kan rí. Àwọn ahéré onígi wà níbẹ̀ tí ẹ lè jókòó sí kí ẹ máa yọjú wò wọ́n. Wọn á dúró gbágbáágbá, èjìká kan èjìká, wọn á máa retí kí òkun fà kí wọ́n lè padà sẹ́nu oúnjẹ.

Ilé Ìdáná Inú Ẹrẹ̀

Ẹ jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ yín, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ lọ sí Titchwell, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Snettisham. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí òkun ti kún, yóò ti fà lọ. Ìgbà yìí gan-an ni ilé ìdáná ṣí.

Ẹni tí kò mọ̀ á wo ẹrẹ̀ etí òkun, á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ń kó ọ̀rá ilẹ̀ bọ̀ láti òkè, òkun náà ń kó tirẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń da ẹrù wọn sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ náà. Ekòló inú ẹrẹ̀, ìgbín tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, edé, akàn àti ẹran omi oníkarahun kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Olúkúlùkù ẹyẹ ló ní ohun èlò tí ó fi ń bù ú. Ẹyẹ curlew ní àgógó gígùn tí ó tẹ̀ bíi dòjé. Ó ń fi í wá ekòló tí ó sá lọ sí ìsàlẹ̀. Oystercatcher ní àgógó pupa líle tí ó ń lò bí ọ̀bẹ láti la ìkarahun. Avocet, ẹyẹ funfun tí a fi dúdú kùn lára, ní àgógó tín-ín-rín tí ó tẹ̀ sókè. Ó ń gbá a sọ́tùn-ún sósì nínú omi bí ẹni ń gbálẹ̀. Èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní dunlin ń sọ ilẹ̀ kíá kíá bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nítorí pé gígùn àgógó wọn kò dọ́gba, ibi tí ọ̀kan ti ń bu oúnjẹ yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìkòkò kan ni, ṣùgbọ́n ṣíbí rẹ̀ pọ̀, ìjà kò sì sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la inú adìẹ rí mọ ohun tí iwe jẹ́. Knot kì í la ìkarahun. Odidi ni ó ń gbé e mì, iwe rẹ̀ ni ó ń lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kù díẹ̀ kí ó gbéra lọ sí ìrìn àjò jíjìn, iwe náà á sún kì, kí ẹrù ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Ọ̀rá ni àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń kó pamọ́ sára dípò rẹ̀, bí ìyá ti ń kó oúnjẹ sínú àpò ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé. Ẹyẹ kan wà tí ẹ ó rí ní Titchwell, bar-tailed godwit ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Òkítóbà ọdún 2022, ọ̀kan nínú irú rẹ̀, ọmọ oṣù márùn-ún péré, gbéra ní Alaska, ó sì balẹ̀ ní erékùṣù Tasmania ní Australia lẹ́yìn ọjọ́ 11. Kìlómítà 13,560 ni ó fò láìsọ̀kalẹ̀, láìjẹ, láìmu. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn lára ni ó ń tọ́ka ọ̀nà tí ó gbà. Ẹ wo ọmọ oṣù márùn-ún tí ó wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì ro ó wò: gbogbo agbára tí ẹyẹ yẹn lò ni ó ti jẹ nínú ẹrẹ̀ kan kí ó tó gbéra. Bí wọ́n bá ti dí ẹrẹ̀ náà pa, inú òkun ni ìrìn rẹ̀ ì bá parí sí.

Lékeléke àti Fìlà Àwọn Obìnrin

Láàárín àwọn ẹyẹ wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí àwọn ọmọ yín á dá mọ̀ láìbéèrè. Lékeléke ni. Ìbátan èyí tí ń tẹ̀ lé màlúù kiri nílé wa ni: àgógó tirẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ pupa ẹyin. Ẹ máa rántí bí àwa náà ti ń na ìka sí i ní kékeré pé kí ó fún wa ní èékánná funfun. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n na ọwọ́ tiwọn náà.

Bí ẹ bá bi ìyá àgbà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jókòó nínú ahéré pẹ̀lú yín, á sọ fún yín pé òun kò rí ẹyẹ yìí níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ìdí rẹ̀ rèé. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀ṣọ́ tí ó gbòde láàárín àwọn ọlọ́lá obìnrin ilẹ̀ Europe àti Amẹ́ríkà ni ìyẹ́ ẹyẹ lórí fìlà. Ìyẹ́ lékeléke ni wọ́n fẹ́ jù, pàápàá àwọn ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń hù sí i lẹ́yìn ní àkókò tí ó bá ń pamọ nìkan. Owó rẹ̀ ga títí ó fi ju ti wúrà lọ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí: ìgbà tí ìyá wà lórí ìtẹ́ ni ọdẹ ń pa á. Àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ á máa ké títí ebi yóò fi pa wọ́n kú.

Ní ọdún 1889, obìnrin kan tí ń jẹ́ Emily Williamson pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí ilé rẹ̀ ní Didsbury, ní Manchester. Eliza Phillips náà ń pe tirẹ̀ jọ ní Croydon, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì tí wọ́n sì ń gbèrò. Ní 1891, ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹ rántí pé obìnrin kankan kò lè dìbò yan ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ọdún 1918 ni wọ́n tó fún díẹ̀ nínú wọn ní ẹ̀tọ́ náà. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn kò ju orí ara wọn àti ohun tí wọ́n bá fi sí i lọ. Nítorí náà, wọ́n ṣe ìlérí pé àwọn kò ní fi ìyẹ́ ẹyẹ kankan tí a kò pa fún jíjẹ ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́, àfi ti ògòngò nìkan, nítorí a lè gé ìyẹ́ ògòngò láìpa á. Etta Lemon, tí ó jẹ́ akọ̀wé wọn, kì í jáfara: obìnrin tí ó bá rí ní ilé ìsìn pẹ̀lú ìyẹ́ lórí fìlà, á kọ lẹ́tà sí i láti sọ fún un bí wọ́n ti pa ẹyẹ náà.

Wọ́n fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Wọn kò dáwọ́ dúró. Ní 1904, ọba fún ẹgbẹ́ wọn ní ìwé àṣẹ, ẹgbẹ́ náà ni RSPB tí ń ṣọ́ Snettisham àti Titchwell títí di òní. Ní 1921, ilé ìgbìmọ̀ ṣe òfin tí ó ka kíkó irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú léèwọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn lékeléke tún pọ̀ sí i ní gúúsù ilẹ̀ Europe, tí wọ́n sì ń bọ̀ níhà àríwá. Ní 1996, àkọ́kọ́ nínú wọn pamọ ní erékùṣù Brownsea ní ẹkùn Dorset. Lónìí, wọ́n wọ́pọ̀ ní àbàtà Norfolk. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà ni wọ́n sì ti pinnu pé ẹ̀ṣọ́ kan kò ní jáde mọ́.

Ògiri Tí Kò Ní Bíríkì

Bí ẹ ti ń rìn lójú ọ̀nà gígùn tí ó la Titchwell já dé òkun, ẹ wo koríko tí ó bo irà náà. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Jánúárì ọdún 1953, ìjì gbé òkun lu ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn 307 ni ó kú ní ilẹ̀ náà, àwọn ará Snettisham àti Hunstanton sì wà lára wọn. Oko ni ilẹ̀ Titchwell nígbà náà, ògiri amọ̀ ni ó sì dí òkun mọ́ ọn. Omi já ògiri náà, oko sì padà di àbàtà. RSPB rà á ní 1973.

Láàárín ọdún 2010 sí 2011, àwọn tí ń tọ́jú ibẹ̀ ṣe ohun tí yóò yà yín lẹ́nu. Wọ́n yọ̀ǹda apá kan ilẹ̀ náà fún òkun, wọ́n sì mú ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ le sí i. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé koríko irà máa ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì omi. Ìgbì tí ó bá la koríko kọjá á ti rẹ̀ kí ó tó dé ara ògiri, ẹrẹ̀ tí ó bá gbé wá á sì jókòó sáàárín koríko, ilẹ̀ á máa ga sí i. Àbàtà ń ṣe iṣẹ́ ògiri, kò sì béèrè bíríkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó, ẹ mọ ibi tí mo ń lọ. Ní Lẹ́kí, ní Àjàh àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, wọ́n ti fi yanrìn dí irà tí ó máa ń gba omi òjò sára, wọ́n sì ti kọ́ ilé sí i. Omi tí a lé kúrò nínú àbàtà kò ní ibòmíràn láti lọ. Pálọ̀ ni yóò wá.

Ní Ìrọ̀lẹ́

Ẹ má ṣe yára padà sílé. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ ó gbọ́ ariwo lókè kí ẹ tó rí ohunkóhun, bí ìgbà tí èrò ọjà ń bọ̀ wálé. Àwọn pink-footed goose ni, ẹyẹ tí ó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tí ó tóbi jù ú lọ, tí ọrùn rẹ̀ sì gùn. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkítóbà ni wọ́n ń dé láti Iceland àti Greenland. Lójú ọ̀sán, wọ́n ń jẹ orí àti ewé tí ó ṣẹ́ kù lóko lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá ti kórè gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Ní alẹ́, wọ́n ń padà lọ sùn sórí ẹrẹ̀ The Wash. Nínú àwọn ọ̀wọ́ gígùn tí ń kọjá lọ yẹn, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún náà ń fò pọ̀. Láti ilé wọn ni òbí ti ń mú ọmọ bọ̀, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù àkọ́kọ́ rẹ̀. Òbí ni ó ń fi ọ̀nà hàn án, òun ni ó ń fi ibi oúnjẹ hàn án. Ìyá tí ó wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí ń tọ́ ọmọ láìsí ìyá tirẹ̀ nítòsí kì í rí èyí kí ó má wọ̀ ọ́ lára.

Àwọn Tí Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Wa

Nígbà tí àwọn ará àríwá ń dé Norfolk, àwọn mìíràn ti ń kúrò níbẹ̀. Alápàǹdẹ̀dẹ̀ ni ẹ mọ̀ jù nínú wọn. Ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 20. Ẹ fi ṣíbí tíì wọn ṣúgà márùn-ún, ẹ ti wọn alápàǹdẹ̀dẹ̀ kan. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Europe gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ni ó ń sùn sí nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n ní oṣù Mée ọdún 1911, ọkùnrin kan ní ẹkùn Staffordshire fi òrùka kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà ní Natal, ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà pátápátá. Ó ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ whimbrel, tí àgógó rẹ̀ tẹ̀ bíi ti curlew, àti ẹyẹ kékeré kan tí kì í yé mi ìdí bí ó ti ń rìn létí omi, wà lára irú àwọn tí ń gba etí òkun Norfolk kọjá ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí a sì ń rí létí ọ̀sà Èkó àti ní ìhà Àgbádárìgì láti ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí di oṣù Máàṣì. Àlejò ni wọ́n. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀, ebi ń pa wọ́n, ẹrẹ̀ wa ni àwo oúnjẹ tí wọ́n gbójú lé. Ara ẹrẹ̀ náà ni ọ̀rá inú oúnjẹ tí ń mọ́bẹ̀ ti ń ṣàn sí, ibẹ̀ ni ọ̀rá mọ́tò ń lọ, ibẹ̀ sì ni nylọ́ọ̀nù omi tí ọmọ wa jù sójú gọ́tà ń parí ìrìn rẹ̀ sí.

Ohun Tí Ó Wà Ní Ìkáwọ́ Wa

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọmọ tí ó ti mọ̀ ọ́ kọ. Kí ó kọ ọjọ́, ibi, àti ohun mẹ́ta nípa ẹyẹ kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ rẹ̀, bí àgógó rẹ̀ ti rí, ohun tí ó ń ṣe. Ẹ kọ́ ọ pé a kì í lé ẹyẹ tí ń jẹun, nítorí pé agbára tí ó fi sá ni èyí tí ó yẹ kí ó fi rìnrìn àjò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà ìtọ́jú ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà ní Lẹ́kí láti 1990, níbi tí afárá orí igi tí ó gùn ní mítà 401 ti la igbó irà kọjá. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì kò nílò ju ẹsẹ̀ yín lọ.

Nínú ilé, ẹ yà nylọ́ọ̀nù àti ike sọ́tọ̀ kúrò lára pàǹtí yòókù, ẹ má sì ṣe da òróró tí a ti fi dín nǹkan sínú gọ́tà. Ẹ dà á sínú agolo, kí ẹ pa á dé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bá pàǹtí lọ. Lọ́jà, ẹ má ṣe ra ẹyẹ ìgbẹ́ tí wọ́n dẹ pakuté mú létí ọ̀sà; bí a kò bá rà, kò ní sí ẹni tí yóò tún dẹ òmíràn.

Bí bàbá àwọn ọmọ bá sì mú ìwé ilẹ̀ wálé tí ó ní ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kan wà létí ọ̀sà, ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ gbé oúnjẹ fún un, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí owó tó kúrò nílé. Kí ni ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó da yanrìn sí i? Níbo ni omi ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀? Ta ni ó rí ibẹ̀ ní oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀? Ẹ bá a lọ wo ilẹ̀ náà fúnra yín, kí ẹ sì mú awò yín dání. Bí ẹ bá rí lékeléke àti àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n dúró sí ìtòsí rẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà.